Ọwọ́ Òsì Nọ́fíù

Ẹ̀yin ará Zongo, ẹ̀yin ará Albarika àti Ladjifarani ní Parakou níbí, tí ẹ mọ̀ mí sí Sàlmànù tó ń ta páàtì alùpùpù, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, n kò sì lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti gbé e jẹun, mo ti gbé e kírun, mo ti gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ yín, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá bá púpọ̀ nínú yín nílé, bí gbogbo ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ṣe máa ń ṣe, tí mo ní kí ẹ yọ̀ǹda mi, kí ẹ forí ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò mọ̀ jì mí. Gbogbo yín lẹ yọ̀ǹda. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí tó fi ṣàdúà fún mi. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè forí ohun tí kò gbọ́ jini. Ẹ gbọ́ ọ lónìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ bá fẹ́ gba ìyọ̀ǹda yín padà, ẹ gbà á. Ẹnì kan ti gba tirẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Nọ́fíù, àkọ́bí Àlàájì Zàkárí aláṣọ. Òun lẹ ń pè ní Tíráǹtì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tó máa ń dúró lẹ́bàá ibùdókọ̀ ní Zongo pẹ̀lú àwọn zẹ́mù yòókù. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ ó pe, "Tíráǹtì, ó yá," òun náà yóò sì dáhùn, yóò ní ẹ gùn ún. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Faransé ni. Tíráǹtì Mìníìtì ni odindi rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èmi Sàlmànù ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, mo máa padà síbẹ̀ láìpẹ́.

Ilé kéwú kan náà ni èmi àti Nọ́fíù lọ. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ àti ti bàbá mi kò jìnnà síra, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun bí ìyá ẹnì kan nínú wa bá tètè sè. Nígbà tí a dàgbà tán, tí a ti láya sílé, ni Babátúndé, ọmọ Ṣakí kan tó ń ta fóònù ní Zongo, kọ́ wa ní pókà. Tẹ́tẹ́ ni, a mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni, a sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa rẹ̀. N kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí a bá kírun Aláásárì tán, àwa méje a wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Babátúndé, a fa kọ́tìnnì. Fún ẹni tí kò mọ eré náà: káàdì méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ rí. Wọn yóò wá máa ṣí káàdì mìíràn sílẹ̀ láàárín, tí gbogbo yín ń wò. Ẹni tí tọwọ́ rẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ mu jù ló jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ náà lè jẹ bó bá láyà. Yóò kó jẹ́tọ́ọ̀nù rẹ̀, àwọn kóìnì oníke tí wọ́n fi ń ṣe é, yóò tì wọ́n síwájú bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀rù yóò ba àwọn yòókù, wọn yóò da káàdì wọn sílẹ̀, wọn yóò sì fi eré fún un. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin eré náà gbà á láàyè. Nínú àwa méje, Nọ́fíù ló mọ̀ ọ́n pa jù. Bó bá di ojú rẹ̀ báyìí, o lè wò ó títí wọn ó fi pe ìrun mìíràn, o ò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Lọ́dún 2016, Babátúndé mú ìròyìn wá pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje pókà ńlá kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kùtọ̀nù, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ta yóò ti Àbíjàn, Lọ́mẹ̀ àti Èkó wá. Owó ìwọlé rẹ̀ ju agbára ẹnì kan ṣoṣo lọ, a sì fẹnu kò láti dá a jọ, kí ẹnì kan lọ ṣe é lórúkọ gbogbo wa. Kí a tó yan ẹni náà, a kọ́kọ́ bára wa díje. Ó ku èmi àti Nọ́fíù. Mo gba ọba méjì lọ́wọ́, káàdì tí èèyàn máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì wá. Nọ́fíù ti gbogbo jẹ́tọ́ọ̀nù rẹ̀ síwájú. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tí mo ti mọ̀ láti kékeré, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, mo da ọba méjì mi sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti sí nínú eré mọ́, kò sì pẹ́ tó fi jẹ mí tán. Wọ́n ní kí èmi náà bá a lọ ṣá, nítorí Faransé rẹ̀ kò lọ jìnnà, kí n máa bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo gbà, mo rẹ́rìn-ín, mo gbá a lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti lá àlá òtẹ́ẹ̀lì yẹn ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkọ̀ wa ti kọjá Ṣábẹ̀ nígbà tí Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n kí n má bínú. "Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́ yẹn," ló wí, "n ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ o." Mo ní báwo. Ó ní irọ́ lásán ni òun fi lé mi sá. Ó wá sọ èyí tó burú jù, tó fi pa mí run, tó sì fi pa ara rẹ̀. Ó ní ìgbàkigbà tí òun bá fẹ́ fi káàdì purọ́, ẹ̀rù Ọlọ́run máa ń ba òun. Pé tẹ̀sùbáà kékeré kan máa ń wà nínú àpò jàlàbíà òun lápá òsì, òun a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òun a máa ka Asitagifirulai lé e níkọ̀ọ̀kan títí irọ́ náà yóò fi parí, kí wọ́n má bàa kọ ọ́ sí òun lọ́rùn. Bí káàdì òun bá dáa, òun kì í fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó òun. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, o ń fi Ọlọ́run ṣeré.

Ṣùgbọ́n inú mi ti gbóná. Irọ́ ni ó fi gba ipò mi, ó sì tún ń fi ṣe ẹ̀rín fún mi nínú ọkọ̀. Gbogbo ọ̀nà láti Ṣábẹ̀ dé Bohicon, ọba méjì yẹn ni mo ń wò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fẹ́ sọ pé èṣù ló wọ inú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi dá èṣù lẹ́bi. Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi, ó fún mi ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀, mo ń jẹ ẹ́, mo sì ń bínú sí i.

Ní òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, tábìlì tí kálukú yóò jókòó sí. Nọ́fíù wò ó tán, ó ní òun fẹ́ lọ kírun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ní kó máa lọ, pé màá kí tèmi tó bá yá. Mo dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan mímu. Ọkùnrin kan tó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa wá bá mi. Fádípẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́mẹ̀, àgbà nínú pókà. Tábìlì kan náà ni òun àti Nọ́fíù. Ó ra ìgò síkírírì tútù kan, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, fún mi, ó bi mí nípa ọjà ní Parakou, ó ní òun ti sùn níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, mo wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan fún mi. Irú wọn ló máa ń ṣòroó ta." Kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọkùnrin yẹn ò bèèrè, kò ṣèlérí ohunkóhun fún mi, kò sì fún mi ju síkírírì yẹn lọ. Èmi ni mo la ẹnu mi.

"Ẹ má wo ojú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," mo wí. "Ẹ wo ìgúnpá ẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Bó bá ń mì, irọ́ ló ń pa."

Fádípẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣebí ọ̀rẹ́ ẹ ni?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Kò dúpẹ́. Ó gbé ìgò tirẹ̀, ó sì kúrò lọ́dọ̀ mi bí ẹni tí òórùn ń lé. Nọ́fíù dé, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun ti ṣàdúà fún àwa méjèèjì.

Ẹ̀yìn okùn ni wọ́n fi àwa tí a wá wòran sí, mo sì rí tábìlì wọn kedere. Nọ́fíù fara balẹ̀. Ó jẹ eré kékeré méjì, ó yọwọ́ nínú àwọn tí kò dáa, bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí káàdì sílẹ̀ láàárín: ásì, tó ju gbogbo wọn lọ, àti ọba, àti méjì kan. Àwọn yòókù yọwọ́, ó ku òun àti Fádípẹ̀. Ìgúnpá òsì Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀ sí í mì, díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó ń họ ara. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti gbogbo jẹ́tọ́ọ̀nù rẹ̀ síwájú. Ojú rẹ̀ dúró gbọin. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ fò kọjá okùn. Ẹnu mi tó ti yára lẹ́ẹ̀kan kò là mọ́. Fádípẹ̀ kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó wo apá òsì rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì ní òun tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí káàdì. Méje àti mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ Nọ́fíù, kò bá ohunkóhun mu. Mẹ́sàn-án méjì péré ló wà lọ́wọ́ Fádípẹ̀. Ẹni tó bá ní mẹ́sàn-án méjì níwájú ásì àti ọba, sísá ló yẹ kó sá, nítorí ẹni tó bá ní ásì tàbí ọba kan ṣoṣo lọ́wọ́ ti jẹ ẹ́, ọmọdé pókà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn káàdì tó kù kò gba Nọ́fíù là. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú gbogbo ẹni tó wọ ìdíje yẹn, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó dìde, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà nínú àpò.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún un nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà. Gbogbo ọ̀nà ló ń bi mí pé, "Sàlmànù, kí ló rí lára mi?" Mo ní bóyá ó kánjú ni. Nígbà tí a dé, tí àwọn márùn-ún yòókù pé sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì Babátúndé, tí wọ́n ń retí ìròyìn ayọ̀, èmi ni mo ṣàlàyé, nítorí Nọ́fíù kò lè gbójú sókè. Mo ní mo ṣẹ́jú fún un pé kó ní sùúrù, kò gbọ́. Irọ́ ni, n kò ṣẹ́jú. Ẹnì kan bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ló lò. Mo fi Faransé dá a lóhùn bí àwọn oníròyìn bọ́ọ̀lù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kí oṣù tó parí, ó ti dé ọjà.

Bó ṣe dé etí Àlàájì Zàkárí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá yẹn mọ̀ pé kì í pariwo. Ó ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní kí n jókòó ti òun lórí ẹní, ó lé gbogbo èèyàn jáde. Ó ní, "Sàlmànù, ìwọ lo wà níbẹ̀. N ò bi ẹ́ nípa tẹ́tẹ́, ìyẹn wà láàárín òun àti Ọlọ́run, mo ti bá a tọrọ àforíjì. Ohun tí mò ń bi ẹ́ ni pé, ṣé bí ọmọ mi ṣe rí nìyẹn, kó kó gbogbo ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ dà nù láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Àbí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò sọ fún mi?" Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ń wá àwáwí fún ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun rí ọ̀kan. Mo wo ẹní tí mo jókòó lé. Mo ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ó máa ń kánjú ni." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Ti Kùtọ̀nù, inú ló ń bí mi. Ti orí ẹní yìí, inú kò bí mi mọ́. Mo fara balẹ̀ ṣe é ni, kí wọ́n má bàa mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ lọ́wọ́ Nọ́fíù tó ti ń bá a tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé e fún Ùsámà, àbúrò Nọ́fíù. Ó ní òun kò lé e nílé, ọmọ òun ni títí ayé, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọjà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní sùúrù. Nọ́fíù gbé alùpùpù jáde. Bàbá náà lo ọdún mẹ́ta sí i, ó sì kú. Èmi wà lára àwọn tó gbé e lọ sí ibojì. Ṣọ́ọ̀bù mi ń gbòòrò. Bí Nọ́fíù bá wá ra páàtì, mo máa ń din owó kù fún un, inú mi a sì dùn pé mo ń ṣàánú rẹ̀. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Tíráǹtì níléèwé, ọmọ tèmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, n kò bá a wí.

Bí mo ṣe ń yíká lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ilé rẹ̀ ní Albarika ṣe ìkẹyìn. Mo sọ ohun tí mo sọ fún gbogbo yín. Kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ó ní kí ni èmi ṣẹ òun, pé gbogbo rẹ̀ ni òun ti yọ̀ǹda láyé àti lọ́run. Mo mí kanlẹ̀. Mo ti ń wá bàtà mi kiri nígbà tó ní kí n dúró. Ó wọ yàrá, ó mú nǹkan kan jáde nínú ọ̀rá dúdú kékeré. Tẹ̀sùbáà yẹn ni. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti ti Kùtọ̀nù dé ni òun kò ti fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní kí n mú un dání dé Mẹ́kà, kí n fi kan ara Kàábà bí ààyè bá wà, kí n sì bá òun bẹ Ọlọ́run pé kó mú ìkánjú kúrò lára òun, pé òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun jogún rẹ̀.

Mo gbà á. Mo gbé e délé. Kúlúsúmù, ìyàwó mi, ń ká aṣọ ìhàrámù mi sínú àpò, ó ní kí n mú un wá kí òun fi sí i. N kò lè gbé e fún un. Mo jókòó sórí ibùsùn, ọ̀rá yẹn wà lórí itan mi, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ̀dọ̀ mi kọ́ lo ti máa sọ ọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Albarika. Nọ́fíù ń fọ alùpùpù rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, síkírírì, ìgúnpá, ẹní bàbá rẹ̀. Ó ń fọ táyà iwájú, ó fọ tẹ̀yìn, kò wò mí. Mo rò pé kò gbọ́ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó fún àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò múra sílẹ̀ fún.

"Mẹ́sàn-án méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ásì wà nílẹ̀, ọba wà nílẹ̀. Ó yẹ kó sá, àbí?"

"Ó yẹ kó sá."

"Ká ní o ò sọ fún un, ṣé ì bá sá?"

"Ì bá sá."

Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbi tó ti ń fọ nǹkan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ta eré kan ṣoṣo yẹn ní orí rẹ̀, lórí alùpùpù, nínú òjò, èrò lẹ́yìn rẹ̀, tó ń wá ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe. Kò sí níbẹ̀. Ó ní, "N ò kánjú." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá mi kú, ó rò pé mo kánjú." Mo dojú bolẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi, mo rò pé ó fẹ́ gbé mi dìde, ṣùgbọ́n tẹ̀sùbáà ló ń bèèrè. Mo gbé e fún un. Ó ní, "Ìyọ̀ǹda tí mo fún ẹ lánàá, mo gbà á padà. Nǹkan tí n ò mọ̀ ni mo yọ̀ǹda. Lọ sọ fún gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Tíráǹtì. Tó o bá sọ ọ́ tán, kó o wá tún un bẹ̀."

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, tí mo fi ní kí Babátúndé fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo yín, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jìnnà sí tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ní í sọ fún yín jù. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fi àṣírí rẹ̀ ṣe ẹ̀rín fún yín, ẹ fi ṣe ẹ̀rín náà, kí ẹ sì gbé e mì. Mo bẹ ẹbí Àlàájì Zàkárí, mo bẹ Ùsámà, mo bẹ àwọn ọmọ Nọ́fíù. Ti Àlàájì fúnra rẹ̀, n kò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀ fún ìyẹn, ibojì kò fọhùn nígbà tí mo lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Kùtọ̀nù yóò gbéra láàárọ̀ Àtàláátà. Àpò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí tán, màá lọ tún Nọ́fíù bẹ̀ bó ṣe wí, n ó sì padà wá dúró. Bí Nọ́fíù bá mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ wá, màá wọkọ̀. Bí kò bá wá, kí wọ́n fi ipò mi fún ẹlòmíràn, n kò ní bá a jà, n kò sì ní ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin ni mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí. Lọ́la, bí ẹ bá dé ibùdókọ̀, ẹ ó rí i lórí alùpùpù rẹ̀. Nọ́fíù lorúkọ rẹ̀. Kò kánjú rí.